Ọdún Tí A Bí Rewájú

Halifax, Kánádà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí Mọ́mì. Ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ sì kú iṣẹ́ Olúwa. Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Níbí, yìnyín ti bo gbogbo ojú ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Láràárọ̀ la máa ń fi ṣọ́bìrì kó o kúrò nídìí mọ́tò kí á tó lè lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n ti fi mí ṣe olórí èèyàn mẹ́jọ níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Èmi, ọmọ Ibereko!

Ìdí tí mi ò fi pè yín lórí fóònù ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá nípọn, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí a kọ ọ́ sí lè tún un kà. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa.

Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà láti òkèèrè. Wọ́n máa kọ́ wọn níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n máa fún wọn níbi tí wọ́n á máa gbé, wọ́n á sì gbà wọ́n síṣẹ́ tí wọ́n bá parí. Bí mo ṣe gbọ́ báyìí, Rewájú ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá, ẹ mọ ọwọ́ ọmọ yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí gbogbo èèyàn ti pa tì létí ọ̀sà, tó bá ti fetí sí i lẹ́ẹ̀kan, á sọ ibi tó ti bàjẹ́. Mo fi fídíò rẹ̀ kan han ọ̀gá mi. Ó ní, "Irú ẹni tí mò ń wá gan-an nìyí."

Ohun kan ṣoṣo ló dí wa lọ́nà. Wọn ò gba ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, Rewájú á sì pé mẹ́tàlélógún lóṣù tó ń bọ̀. Kò tíì gba páásípọ́ọ̀tù rí. Ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò. Tí ìwé yẹn bá sọ pé ọdún 2004 ni a bí i dípò 2002, ó parí. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń kọ ìwé yẹn fún gbogbo Àgbádárìgì. Ọdún méjì péré ni, Bàbá. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣe é fún àbúrò mi. Tó bá ti di ìparí oṣù Kẹta, wọn ò ní gba orúkọ mọ́.

Ọmọ yín,
Bólúwají


Ibereko, Àgbádárìgì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025

Bólúwají ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ní kí n tún ka ibi tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Lóòní ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tó kí mi ni mo sọ fún pé ọmọ mi ti di olórí èèyàn mẹ́jọ, títí àlùfáà wa fi rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá Bólúwají, a ti gbọ́ o." Ọlọ́run á tún gbé ọ ga sí i. Ẹsẹ̀ mi ti ń san, mo ti lè fi rìn dé ìdí títì láìsinmi.

Ọ̀rọ̀ Rewájú ńkọ́? Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rò ó, mo sì gbàdúrà sí i. Mi ò ní ṣe é.

Má ṣe rò pé mi ò fẹ́ kó lọ. Ó wù mí ju bí o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ọ, bóyá mi ò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Obìnrin á gbé ọmọ tuntun wá síwájú tábìlì mi, láti Kankon, láti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Á sọ ọjọ́ tó bí i fún mi, èmi á sì kọ ọ́. Ọmọ yẹn ò lè sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ mí rí. Ohun tí mo bá kọ yẹn ló máa gbé kiri títí tó fi máa kú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti fa ewúrẹ́ wá fún mi rí. Olóṣèlú kan ti jókòó sí pálọ̀ wa láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìyá rẹ á rántí, ó fẹ́ kí n dín ọjọ́ orí òun kù. Mo ní rárá. Ojú wo ni mo fẹ́ fi ní bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ ara mi?

Ọwọ́ tí mo fi ń gba oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ Sunday, òun náà ni mo fi ń di bírò mú lọ́jọ́ Monday. Mi ò ní òmíràn.

Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Sọ òótọ́ fún un, kó wò ó bóyá wọ́n lè fi ojú àánú wo ẹni tó fi ọdún méjì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ ìpinnu mi fún Rewájú. Ó mú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọ̀sà lọ.

Bàbá rẹ,
Olúdọ̀tun Akíndé


Halifax
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mo ti ka ìdáhùn yín.

Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa sọ. Ohun tó dùn mí ni pé mo ṣì ní ìrètí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ "mi ò ní ṣe é". Nígbà tí àwọn tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé ọmọ wọn wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ tó dára, ẹ̀yin ní kí á tò sórí ìlà, a tò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. A ò ṣàròyé. Àwọn èèyàn ní ọmọ olóòótọ́ ni wá, a sì ń fi ìyẹn yangàn. Ṣùgbọ́n Rewájú ti lo ọdún márùn-ún létí ọ̀sà, ó ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í rí nǹkan fún un ju ẹja lọ.

Mo sọ fún ọ̀gá mi bí ẹ ṣe ní kí n sọ. Ó ní òfin ni òfin.

Ìgbàgbọ́ yín ni, Bàbá, mi ò bá yín jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé Rewájú ló ń jìyà rẹ̀?

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Mi ò rò pé mo máa ní lẹ́tà míì láti kọ fún ìgbà díẹ̀.

Bólúwají


Ibereko
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Bólúwají ọmọ mi,

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo pè, o ò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mo rí i lórí fóònù pé o ti kà á, àmọ́ o ò dáhùn. Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe sọ̀rọ̀ ló bí ọ nínú, jọ̀wọ́, má bínú. Ohun tí mo sọ gan-an ni mi ò lè kó jẹ.

Ìyá rẹ wà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Á gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, á ní "ẹ jẹun o", á sì gba yàrá lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rewájú pé ọdún mẹ́tàlélógún ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbàdúrà fún un, ó ṣe àmín.

Ohun kan ń yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀. Inú rẹ̀ tí kò dùn tẹ́lẹ̀ ti wá ń dùn. Ó máa ń súfèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ sí ọjà Agbalata lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé àpòòwé ńlá kan bọ̀. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu." Bóyá o mọ̀ sí i. Tó o bá ti rí ọ̀nà tó tọ́ fún un, sọ fún mi kí n lè bá yín yọ̀.

Bàbá rẹ


Ibereko
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Bólúwají,

Kò wù mí kí n kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà ní Kankon tó ń jẹ́ Dosi. Ègùn ni, ẹja ló ń yan, ọkọ rẹ̀ ti kú. Mercy, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní oṣù tó kọjá, arákùnrin ọkọ Dosi mú ọmọ náà fún oníṣòwò ńlá kan pé kó fi ṣaya. Dosi pariwo títí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù, wọ́n sì gba Mercy sílẹ̀, wọ́n ní kó wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan títí ẹjọ́ á fi parí. Oníṣòwò náà ní ọmọdé kọ́ ni, pé ó ti kọjá ọdún méjìdínlógún. Ó mú ìwé ẹ̀rí ìbí jáde, ọdún 2006 ló wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ní mo bu ọwọ́ lù ú.

Èmi ni mo kọ orúkọ Mercy sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 2010 ni. Mo rántí ọjọ́ náà. Òjò ń rọ̀, Dosi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti fi aṣọ wé ọmọ náà débi pé imú rẹ̀ nìkan là ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Bólúwají.

Kóòtù ní kí n gbé ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ sí wá. Lọ́jọ́ Wednesday, mo wọ ẹ̀wù kóòtù mi dúdú, orí mi wú pé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí máa wúlò fún ọmọ aláìní kan. Mo búra lórúkọ Ọlọ́run. Mo ṣí ìwé náà, mo ka orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ tí a bí i. Lọ́yà oníṣòwò wá dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Akíndé, ṣé ẹ kì í yí ọjọ́ orí padà fún èèyàn?"

"Mi ò ṣe é rí."

"Fún ọmọ yín ńkọ́?"

"Ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí n ṣe é. Mo kọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa bébà kan yọ láàárín ìwé rẹ̀. "Ẹ bá wa ka èyí sókè."

Mo kà á. Rewájú Akíndé. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2004. Ìbuwọ́lùwé mi wà nísàlẹ̀, ó jọ tèmi débi pé mo ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́yà náà kọjú sí adájọ́: "Olúwa mi, ẹni tó bá lè yí ti ọmọ rẹ̀ padà, kí ni kò lè kọ sínú ìwé ńlá yìí? Ta ló máa gba ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Àwọn èèyàn ń kùn. Dosi tó jókòó lẹ́yìn fi ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó ké, "Mawu! Mawu!" Ọlọ́run ló ń pè ní èdè rẹ̀.

Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé ná títí wọ́n á fi wádìí ọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún àlùfáà pé kó fi ẹlòmíì sípò mi láti máa ka ẹ̀kọ́ nínú ìsìn. Rewájú ò jẹun láti ọjọ́ náà. Mo bi í léèrè, ẹkún ló ń sun. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Bàbá, ẹ bi bọ̀dá mi."

Mo ń bi ọ́.

Bàbá rẹ


Halifax
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí.

Èmi ni. Rewájú ò fẹ́, èmi ni mo tì í. Mo pe Láyọ̀ tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbalata. Mo ní kí Rewájú mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ lọ bá a. Láyọ̀ wo ìbuwọ́lùwé yín lára rẹ̀, ó sì ṣe òmíràn. Mo ní, "Bàbá ò ní mọ̀ láé." Ibi iṣẹ́ mi ti gba ìwé náà, wọ́n ti fi orúkọ Rewájú sára àwọn mẹ́fà. Inú mi dùn. Mo ń dúró kí ó dé ibí kí n tó sọ fún yín, mo rò pé tí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ẹ máa dárí jì wá.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo pa fóònù. Mo rìn lọ sí etí òkun, mo dúró síbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kú. Ó dá mi lójú pé Láyọ̀ náà ló ṣe ìwé Mercy, òun ló sì fún lọ́yà yẹn ní ẹ̀dà ti Rewájú. Mo kọ̀wé sí yín pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé, wọ́n fẹ́ fi ohun tí mo ṣe mú un lọ.

Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sọ fún ara mi pé tí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olóòótọ́, ẹ máa bọ́ níbẹ̀ lọ́nà kan ṣá. Ṣùgbọ́n mo rí yín lọ́kàn mi, nínú ẹ̀wù kóòtù dúdú yẹn, tí èèyàn ń kùn sí yín. Mi ò lè jẹun.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wọlé lọ bá ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní òun á yọ orúkọ Rewájú, òun á sì gba ipò olórí lọ́wọ́ mi. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí òun lé mi lọ ni pé èmi fúnra mi ni mo wá sọ ọ́. Mo ti padà sídìí iṣẹ́ bíi ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ẹni tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni mò ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan níbí, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, mo sì búra sí i. Ó ti fi ránṣẹ́ sí kóòtù. Ẹ̀dà rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Mo ti bá Rewájú sọ̀rọ̀. Ó ní òun á lọ dúró síwájú adájọ́ fúnra òun. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tì í mọ́lé. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n mi ò lè máa wo Bàbá báyìí."

Ẹ dárí jì mí. Tí ẹ ò bá tíì lè ṣe é báyìí, mo máa dúró.

Ọmọ yín,
Bólúwají


Ibereko
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Bólúwají ọmọ mi, ọmọ tí mo bí,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ń gbàdúrà fún ọ kí oúnjẹ tó kan ẹnu òun láràárọ̀. Mi ò fẹ́ kọ̀wé kí ẹjọ́ tó parí, torí mi ò fẹ́ fi ìrètí tí kò dájú mú ọ lọ́kàn le. Ó ti parí báyìí. Gbọ́ bó ṣe lọ.

Lọ́jọ́ Thursday, kóòtù kún. Akọ̀wé kóòtù dìde, ó ka ìwé tí o fi ránṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi tí o ti kọ pé "bàbá mi kọ̀, mo sì ṣe é lẹ́yìn rẹ̀", adájọ́ ní kó tún ibẹ̀ kà. Lọ́yà oníṣòwò ní ìwé lásán ni, pé ta ló rí ẹni tó kọ ọ́. Ibẹ̀ ni Rewájú ti nàró. Ẹ̀wù kóòtù mi dúdú ló wọ̀, ó tóbi jù fún un.

Adájọ́ wò ó. "Ṣé o mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ sọ yìí lè kó ọ sí wàhálà?"

"Mo mọ̀, Olúwa mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí. Èmi ni mo gbé ojúlówó rẹ̀ lọ fún Láyọ̀. Ìṣojú mi ló ṣe wo ìbuwọ́lùwé bàbá mi, tó sì kọ irú rẹ̀." Ó yọ ojúlówó ìwé náà nínú àpò. "Òun rèé. Ọdún 2002 ni wọ́n bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí."

Adájọ́ ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá ti ọdún 2002 wá láti ọ́fíìsì wa. A dúró dè é fún wákàtí kan. Nígbà tó dé, adájọ́ ní kí n ṣí i. Mo rí orúkọ àbúrò rẹ níbi tí mo kọ ọ́ sí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, láàárín ọmọ apẹja kan àti ọmọ aránṣọ kan, bírò dúdú kan náà, kò sí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́. Adájọ́ fi ìka tọ ìlà náà. Ó ní, "Ẹni tí kò yí ti ọmọ rẹ̀ padà, mo gba ohun tó kọ nípa ọmọ ẹlòmíì gbọ́."

Ó ní ọmọdé ni Mercy, pé kò sí ìgbéyàwó kankan, kí ó padà sílé ìyá rẹ̀. Dosi sáré wá bá mi, ó ń fi Ègùn àti Yorùbá dúpẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di Rewájú mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mercy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Monday. Ọ̀la ni.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú Láyọ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Rewájú sílẹ̀, wọ́n bá a wí gan-an, wọ́n sì ní àwọn á lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ́fíìsì ti pè mí padà. Rewájú wà létí ọ̀sà. Ó ń dun òun náà pé kò lọ mọ́, mi ò ní sọ fún ọ pé kò dùn ún. Àwọn apẹja láti abúlé mẹ́ta ti wá gbé ẹ́ńjìnnì fún un lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Zinsu, ó ní ẹni tó lè dúró síwájú adájọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní jí nọ́ọ̀tì ara ẹ́ńjìnnì òun.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ tèmi. O ṣẹ̀ mí, Bólúwají. O mú orúkọ mi, o gbé e fún àjèjì kó ta á. Ó dùn mí débi pé nígbà kan, mi ò lè pe orúkọ rẹ nínú àdúrà. Mo ti dárí jì ọ́, pátápátá. O bi mí ní ìbéèrè kan lóṣù Kejì, pé kí ló dé tó jẹ́ Rewájú ló ń jìyà ìgbàgbọ́ mi. Mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Mo ti bi Ọlọ́run náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ó kan ìwọ náà láti fi nǹkan sílẹ̀, kò sí ẹni tó fipá mú ọ. O wà ní òkè òkun, wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ká ní o dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? O sì sọ̀rọ̀.

Mo lọ sí Agbalata lánàá láti ra gààrí. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró láàárín èrò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ̀yin ni bàbá ọmọ tó kọ̀wé sí kóòtù láti Kánádà?"

Mo ní èmi ni. Ariwo ọjà pọ̀, kò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè, àwọn tó wà nídìí àtẹ yíjú wò mí: "Èmi ni bàbá rẹ̀!"

Bàbá rẹ,
Olúdọ̀tun Akíndé